Bí A Ṣe Ń Ka Àwọn Ọmọ ní Káńpù Òkúta

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe igbákejì máníjà ní káńpù kúárì kan lẹ́yìn àwọn òkè Ọ̀kà, ní apá ọ̀nà Ìpè. Tí a bá fi máìlì wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ kò jìnnà sí ìlú. Ọ̀nà ló sọ ọ́ di ibi tó jìnnà. Láti ibi tí ọ̀dà ti tán, ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ fi ń gun òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, mi ò lè sọ iye ìṣẹ́jú, nítorí ó níye ìgbà tí a máa ń débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí iná ìjọba, kò sí ilé ìwòsàn, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan àfi ti obìnrin tó ń ta ọṣẹ àti gaàrí létí géètì. Fóònù kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àyàfi lórí àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà lókè ibi tí a ti ń fọ́ òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ibẹ̀ ní Pósítọ́fíìsì.

Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan. Ilé-ìwé gírámà ni ìwé tèmi parí sí, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ máa ń bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Máníjà kúárì náà wá kó sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan, ó dúró wo ìwé mi fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ta ló ń kọ èyí?" Mo ní èmi ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo ti wà ní káńpù.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni òun náà. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Alhájì ni gbogbo wa ń pè é. Kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò sì gbọ́ kó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó máa ń fi ìka kan táǹkì omi lára, á tẹ́tí, á ní, "Ó ku ti ọjọ́ mẹ́ta." Tó bá ti lọ tán, èmi á gun àkàbà, màá fi ọ̀pá wọn omi náà. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó jáwọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí oúnjẹ má tán, kí omi má gbẹ, kí gbogbo ẹni tó sùn sí káńpù ní ibùsùn, kí n sì mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni ti ọjọ́ ẹ̀tù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, ni a máa ń yin ẹ̀tù sí àpáta. Tí fèrè àkọ́kọ́ bá dún, kí gbogbo ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́ àti nínú ilé, kí wọ́n wá sábẹ́ igi máńgòrò ńlá tó wà lẹ́bàá géètì. Tí mo bá rí i pé wọ́n pé, màá gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè, fèrè kejì á dún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá okùn tí a ta sí ojú ọ̀nà. Fèrè kẹta ni ìkẹyìn. Alhájì, tó máa ń dúró lórí òkìtì kan tí ojú rẹ̀ ti ká gbogbo ọ̀nà àpáta, á wá na ọwọ́ sí ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ ẹ̀tù, òkè á sì fọ́.

Ṣùgbọ́n Alhájì kì í na ọwọ́ náà bí fèrè kẹta bá ṣe ń dákẹ́. Á kọ́kọ́ yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀, á ka ilẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, á máa fi ìkọ̀ọ̀kan dárúkọ Ọlọ́run, ojú rẹ̀ á sì wà lójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkúta á ti sùn kí Alhájì tó jí i. Èmi náà wo aago mi. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé à ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣòfò lọ́sẹ̀.

Kíka àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣòro, nítorí nọ́ńbà wà lára àkẹtẹ̀ líle tí wọ́n ń dé. Àwọn ọmọ wọn ni wàhálà. Àwọn tó ń wa ẹ̀rọ ńláńlá kó ìyàwó àti ọmọ wá sí káńpù. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé ní Ọ̀kà, ṣùgbọ́n lákòókò ọlidé, inú káńpù ni wọ́n ń tú ká sí láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ ẹ̀tù àkọ́kọ́ mi nínú ọlidé, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò, mo na ìka sí wọn, mo bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta.

Obìnrin kan fa ìró rẹ̀ bo ọmọ rẹ̀ lórí. Èkejì ní, "Àsísítáǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ là ń kà báyẹn."

Mo ní nítorí ààbò wọn ni.

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé wọn ò sọ fún yín ní Ìkàrẹ́ ni?"

Wọ́n sọ fún mi ní Ìkàrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, ìdáhùn mi ni pé Ọlọ́run ṣeun. Síbẹ̀ mo tún na ìka. Àwọn ìyá náà kó ọmọ wọn lẹ́yìn mi, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Mi ò lè gbé àsíá sókè fún ohun tí mi ò mọ iye rẹ̀, nítorí náà a kò yin ẹ̀tù lọ́jọ́ yẹn.

Alhájì kò bá mi wí. Ó ránṣẹ́ pe Màmá, ìyá àgbà tó ń dáná fún gbogbo wa. Ọmọ Ọ̀kà ni, láti ìdílé tí wọ́n ṣì ń ṣe ọdún òkè, ó sì ti dáná ní káńpù náà kí èmi tó débẹ̀ rárá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi fi ẹ̀wà kún ẹ̀wà lọ́jọ́ ẹ̀tù."

Láti Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá ti ń dín àkàrà. Iye ọmọ tó bá wà ní káńpù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni iye àkàrà tó máa dín, kò ní lé, kò ní dín. Kò sọ iye náà síta, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ló fi mọ̀ wọ́n. Tí fèrè àkọ́kọ́ bá dún, á ti jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú atẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa sáré bọ̀ láti gbogbo ibi tí ìyá wọn ti pè wọ́n títí tí ohùn fi há. Àkàrà kan, ọmọ kan, láti ọwọ́ Màmá sí ọwọ́ ọmọ. Bí atẹ́ bá ti ṣófo, wọ́n pé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, Màmá á wo àyíká lẹ́ẹ̀kan, á sì dárúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ tààrà. Ọmọ kan dé fìlà bàbá rẹ̀, ó tún yí wá fún ìkejì. Màmá ní, "Imú yìí ti jẹun lónìí."

Kò sẹ́ni tó ka ọmọ kankan. Àkàrà la kà. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti fa ìlà sí láti ọdún wọ̀nyẹn, mi ò tíì rí èyí tó péye tó atẹ́ yẹn. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn ìyá wọn lè ka ìwé yìí.

Ní ọlidé ọdún kejì ni mo mú ọmọ tèmi wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, obìnrin. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, nítorí náà ọ̀dọ̀ màmá mi ní Ìkàrẹ́ ló ń gbé tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú màmá mi ti ń ṣú, kò lè ṣọ́ ọmọ tó ń sáré mọ́ ní gbogbo ọjọ́. Òru mẹ́ta ni mi ò sùn kí n tó pinnu. Eruku òkúta máa ń mú ọmọ náà wúkọ́. Ejò wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀tù wà níbẹ̀.

Mo ṣe ohun tí mo rò pé ìyá tó gbọ́n á ṣe. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ Alhájì pé kí ọmọ mi máa dúró nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ ẹ̀tù. Ẹ̀yìn àpáta ńlá ni ọ́fíìsì wà, òkúta kankan kò lè fò débẹ̀, eruku kò sì ní wọlé tí fèrèsé bá wà ní títì. Màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, nítorí mo tún bẹ̀rù iná. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ fèrè, ó di etí rẹ̀ méjèèjì. Mo gbá a mọ́ra, mo ní, "Má bẹ̀rù. Ariwo lásán ni. Kò kàn ọ́."

Màmá ka àkàrà tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Nígbà tó kan ọmọ mi, mo na ọwọ́ láti gbà á fún un.

Màmá kò fi í lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ dà?"

"Ó wà ní ọ́fíìsì, Màmá. Nítorí ikọ́."

"Ọwọ́ ọmọ ni mo máa ń fi í lé. Àkàrà ò mọ ẹnu tó ń bọ̀ sí."

"Màmá, ọmọ tèmi ni," mo ní. "Èmi náà ni mo sì ń gbé àsíá."

Èmi ni igbákejì máníjà, àwọn obìnrin sì ń wò wá. Ó gbé àkàrà náà fún mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, fèrè àkọ́kọ́ dún ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ pé. Atẹ́ ṣófo. Àkàrà ọmọ mi wà nínú bébà lápò mi, ó ṣì gbóná. Mo gbé àsíá sókè, fèrè kejì dún.

Mo dúró nídìí okùn, mò ń wo aago mi. Mi ò mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ní gbogbo ìgbà tí atẹ́ bá ti ṣófo, ńṣe ni Màmá máa ń rìn lọ síbi fèrèsé ọ́fíìsì, á yọjú wo ọmọ mi, kí ó tó padà wá jókòó. Kò sọ fún mi rí. Èmi rò pé ẹsẹ̀ ló ń nà.

Lọ́jọ́ yẹn, ó yọjú, ó rí àga, kò rí ọmọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Kò pariwo. Ó rọra rìn wá bá mi pẹ̀lú atẹ́ lọ́wọ́, ó fi ohùn tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́ bi mí pé, "Fóònù rẹ dà?"

Kò pè mí ní ẹ̀yin. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo fọwọ́ kan àpò mi, àkàrà ló wà níbẹ̀. Orí tábìlì ọ́fíìsì ni mo fi fóònù sí. Fèrè kẹta bẹ̀rẹ̀ sí dún bí mo ṣe ń rántí ibi kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbé fóònù lọ ní gbogbo káńpù yẹn.

Òfin wà fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ ọ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àsíá pupa ni kí n gbé sókè, Alhájì á sì dá ohun gbogbo dúró. Àsíá pupa náà wà ní ọwọ́ òsì mi. Mo gbàgbé pé mo ní ọwọ́ òsì.

Màmá gbé atẹ́ òfìfo náà lé orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá lábẹ́ okùn, ó sì bọ́ sí àárín ọ̀nà tó lọ síbi àpáta. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà lóko, ọwọ́ kan lára atẹ́, èkejì ń fì. Ọkùnrin kan ní, "Màmá, níbo?" Kò wẹ̀yìn.

Mo wo orí òkìtì. Alhájì ti yọ tẹ̀sùbáà. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń tì í, tí ó tún ń tì í, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ọkùnrin ẹlẹ́tù pé kó dúró. Ọkùnrin náà yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ, ó sì gbé wáyà náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tèmi. Mo sáré kọjá Màmá lójú ọ̀nà. Ọmọ mi wà ní Pósítọ́fíìsì, lórí àpáta pẹrẹsẹ yẹn, ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí ibi tí a gbẹ́ ihò ẹ̀tù sí. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló gbà gun àpáta náà, níbi tí ojú Alhájì kò ká. Ó káwọ́ mọ́ orúnkún, fóònù mi wà létí rẹ̀, ó ń bi màmá mi ní Ìkàrẹ́ bóyá adìẹ tó sàba ti pa ọmọ.

Nígbà tí mo gbé e, ó yà á lẹ́nu pé mò ń sunkún. Mo ní ṣé kò gbọ́ fèrè ni. Ó ní ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mọ́mì, ẹ ní ariwo lásán ni. Ẹ ní kò kàn mí."

Gbogbo ọmọ tó wà ní káńpù yẹn, títí dé èyí tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ tán, ló mọ̀ pé tí fèrè bá dún, kí òun sá wá sábẹ́ máńgòrò. Àkàrà ló kọ́ wọn. Ọmọ tèmi nìkan ni kò mọ̀, nítorí èmi ni mo dá a yà kúrò nínú wọn kí nǹkan kan má baà ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ lẹ́tà. Mo to ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú àkókò wọn, mo kọ àwọn àṣìṣe mi, mo sì kọ ọ́ sí ìparí pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Alhájì kà á tán pẹ̀lú sùúrù.

"O kọ àkókò fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó ní. "O ò kọ iye ilẹ̀kẹ̀ tí mo ti kà."

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

"Mọ́kàndínlógún." Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. "Èmi ni mo fún ọ láṣẹ ọ́fíìsì. Màá kọ tèmi, màá fi í lé e lórí, kí àwọn ọ̀gá wa ka méjèèjì pọ̀."

Màmá wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó wo bébà, ó wo àwa méjèèjì. "Tí ẹ bá jókòó tì lẹ́tà báyìí, ta ni yóò wá fún mi ní epo àárọ̀ ọ̀la?"

Alhájì rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa bi Màmá ní ìbéèrè kan láti ìgbà tí mo ti gbé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀, mo wá bi í níbẹ̀: kí ló dé tí kò sáré?

"Tí mo bá sáré, ẹ̀yìn mi ni Alhájì máa wò, á máa wá ohun tó ń lé mi," ó ní. "Èmi fẹ́ kó wò mí. Ẹni tó bá gbé atẹ́ rìn lójú ọ̀nà ẹ̀tù, ó níláti wò ó dáadáa. Mo sì mọ̀ pé ó ń wò. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ka ilẹ̀kẹ̀ yẹn, kò tẹ orí ba rí."

Mo padà sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa igi lé ibi tí mo kọ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí à ń fi ṣòfò sí.

Àwọn ọ̀gá wa ka lẹ́tà méjèèjì. Wọ́n bá wa wí lórí ìwé, wọ́n sì ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Màmá ló fi òfin tuntun lélẹ̀, Alhájì kàn fọwọ́ sí i ni. Ó ní igbákejì máníjà kò gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ó ti lè rí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀tù. Kí n lọ dúró ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, kí n kọ ojú sí àpáta, kí n kọ ẹ̀yìn sí igi máńgòrò, kí ó jẹ́ atẹ́ ni yóò sọ fún mi pé àwọn ọmọ pé, kì í ṣe ojú ìyá. Tí òun bá ti fún gbogbo ọmọ tán, òun á fi ọwọ́ lu ìdí atẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní tí mi ò bá gbọ́ ọ ńkọ́. Ó ní, "Wàá gbọ́ ọ. Ìwọ lo máa gbọ́ ọ jù."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fèrè àkọ́kọ́ dún. Mo ti so aṣọ mọ́ ọmọ mi nímú nítorí eruku, mo sì ti mú un lọ fún Màmá. Mo ka àkẹtẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tán, mo lọ dúró ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, àsíá aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún, pupa lọ́wọ́ òsì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré bọ̀. Mo gbọ́ ẹni tó ń ṣàròyé pé ti ẹnìkejì tóbi ju tòun lọ, àti Màmá tó ń dá a lóhùn pé ọwọ́ òun kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo gbìyànjú láti yọ ohùn ọmọ mi kúrò nínú tiwọn. Gbogbo wọn ń pariwo pọ̀, mi ò rí i yọ.

Atẹ́ dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè.